Èsì: Ṣé ara bàbá ọmọ ni autism ti wá?

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ ní látìgbà tí dókítà ti sọ pé ọmọ yín ní autism, ìyẹn ni pé ọpọlọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ́nà tó yàtọ̀ láti kékeré, tó sì ń kan bó ṣe ń bá èèyàn ṣe, lẹ ti ń fi ojú míì wo bàbá rẹ̀, torí òun náà kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún àga rẹ̀ kúrò níbi tó wà.

Ojú yín ò tàn yín jẹ. Leo Kanner, dókítà ọpọlọ àwọn ọmọdé tó kọ̀wé nípa irú àwọn ọmọ yìí lọ́dún 1943, ti kíyè sí irú ìwà bẹ́ẹ̀ lára àwọn kan nínú òbí wọn. Ohun táwọn kan wá fà yọ níbẹ̀ ló burú: wọ́n ní ìyá tí kì í fa ọmọ mọ́ra ló fà á. Irọ́ gbuu! Lọ́dún 1977, àwọn olùṣèwádìí Susan Folstein àti Michael Rutter yẹ ìbejì 21 wò, ìyẹn méjì-méjì lọ́nà 21, tí ó kéré tán ọmọ kan nínú ìbejì kọ̀ọ̀kan ní autism. Nínú 11 tó jọra bí ìmumu, 4 ni ọmọ méjèèjì ti ní in. Nínú 10 yòókù tí kò jọra bẹ́ẹ̀, kò sí ìkankan tí ọmọ méjèèjì ti ní in. Torí pé ohun tí àwọn tó jọra bí ìmumu jogún kò yàtọ̀ síra, èyí fi hàn pé àjogúnbá wà níbẹ̀.

Lára òbí, ó máa ń fúyẹ́: kó fẹ́ràn àtidá wà, kí àyípadà máa ni ín lára, kó má tètè gbọ́ àbọ̀ ọ̀rọ̀. Bí mo bá ní, “Ṣé o rí i pé omi ti tán?”, ọkọ mi á ní, “Mo rí i,” á sì jókòó pa. Ìyẹn ò sọ pé ó ní autism o, kì í sì í ṣe gbogbo òbí ló rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ má sọ ọ́ dẹjọ́ fún un. Nígbà tọ́mọ wa ń ké torí a gba ọ̀nà míì, bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe é.