Ta ló ń pinnu pé nǹkan jẹ́ iṣẹ́ ọnà?
Kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó ni àṣẹ náà. Àwọn oníṣẹ́ ọnà, mùsíọ́ọ̀mù àtàwọn tó ń rà á ló jọ ń pinnu rẹ̀, ilé ẹjọ́ náà sì máa ń dá sí i nígbà míì. Lọ́dún 1926, ère idẹ dídán kan tí Constantin Brancusi, oníṣẹ́ ọnà ọmọ ilẹ̀ Romania, pè ní ẹyẹ, àmọ́ tí kò ní ìyẹ́ tàbí ẹsẹ̀, dé New York. Iṣẹ́ ọnà kì í san owó ibodè níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn aṣọ́bodè kà á mọ́ ohun èlò ilé ìdáná (àbí ẹ ò rí nǹkan!), wọ́n sì bu owó ibodè 40 nínú 100 lé e. Lọ́dún 1928, ilé ẹjọ́ dá Brancusi láre: kò pọn dandan kí ère jọ ohun tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Lójú tèmi, ohun táwọn oníṣẹ́ ọnà ti gbà tẹ́lẹ̀ nilé ẹjọ́ wulẹ̀ fọwọ́ sí.