Ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn: ọwọ́ wo ni, ibo ni yóò sì ṣí sí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Mo ń kọ́ gbọ̀ngàn ayẹyẹ kan sí Òkè-Fíà, ní Òṣogbo níbí, tí yóò gba nǹkan bí 300 ènìyàn. Wẹ́dà tó ń ṣe ilẹ̀kùn irin fún mi bi mí bóyá ti ọwọ́ ọ̀tún ni mo fẹ́ tàbí ti òsì, ó ní ibi tí ìdìmú bá wà ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Ó tún ní kí gbogbo wọn máa ṣí sínú nítorí olè. Èwo ni kí n mú?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì mú ọ̀kankan, ẹ má sì tíì jẹ́ kí ó gé irin. Híńjì ni a fi ń mọ ọwọ́ ilẹ̀kùn, kì í ṣe ìdìmú. Ẹ dúró síta, níhà tí a ti ń fi kọ́kọ́rọ́ ṣí i, kí ẹ kọjú sí i: bí híńjì bá wà lápá òsì yín, ilẹ̀kùn ọwọ́ òsì ni, bí ó bá wà lápá ọ̀tún, ti ọwọ́ ọ̀tún ni. Òdìkejì híńjì ni ìdìmú máa ń wà, nítorí náà ẹni tó bá ń wo ìdìmú yóò máa pe òsì ní ọ̀tún. Bí ilẹ̀kùn bá ń ṣí wá sọ́dọ̀ ẹni tó dúró síta, àwọn ará Amẹ́ríkà a máa fi ọ̀rọ̀ náà reverse kún orúkọ rẹ̀, nítorí pé ahọ́n lọ́ọ̀kì rẹ̀ yóò dagun sí òdìkejì. Gbogbo orílẹ̀-èdè kò kà á bákan náà, nítorí náà ẹ ya ilẹ̀kùn náà sórí ìwé bí ẹni ń wò ó láti òkè, kí ẹ sì fi í han ẹni tó ń ta lọ́ọ̀kì.

Ọ̀rọ̀ olè yẹn gan-an ló ń bí mi nínú, nítorí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu oníṣẹ́ irin púpọ̀ ní ìlú yìí. Òótọ́ ni pé híńjì ilẹ̀kùn tó ń ṣí síta yóò hàn síta. Ṣùgbọ́n wẹ́dà lè jó orí irin àárín híńjì náà pa, kí ó sì jó irin kúkúrú méjì mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn níhà híńjì, tí yóò máa wọ inú ihò férémù nígbà tí a bá tì í. Bí olè tilẹ̀ gé híńjì, ilẹ̀kùn kò ní kúrò. Ẹni tó bá sì fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀kùn tó ń ṣí sínú, lọ́ọ̀kì nìkan ló dá a dúró, ṣùgbọ́n èyí tó ń ṣí síta fara ti férémù yíká.

Ẹ wá wo ohun tí ẹ ó fi san owó olè tí kò wá yẹn. Bí iná bá sọ, tí ilẹ̀kùn sì ń ṣí sínú, ẹni tó kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà gbọ́dọ̀ rí àyè fa ilẹ̀kùn sọ́dọ̀ ara rẹ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò sì lè fún un láyè, nítorí pé àwọn náà ni wọ́n ń tì láti ẹ̀yìn. Ní Boston, ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 28 oṣù kọkànlá ọdún 1942, ènìyàn 492 kú nínú iná ilé ijó Cocoanut Grove. Ilẹ̀kùn ayíbírí, èyí tó ń yí po lójú kan, tó wà lẹ́nu ọ̀nà há, àwọn ilẹ̀kùn kan wà ní títì, àwọn mìíràn sì ń ṣí sínú tí èrò fi ara tì wọ́n pa. Òfin ìkọ́lé tí wọ́n ń lò káàkiri Amẹ́ríkà lónìí ní kí ilẹ̀kùn ibi tí ènìyàn 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ń lò máa ṣí síhà ibi tí wọ́n ń sá lọ. Tiyín jẹ́ 300.

Èmi kò rí ilé yín, nítorí náà ẹ gbé àwòrán rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn panápaná àti àwọn aláṣẹ ètò ìlú kí wẹ́dà tó gbé férémù ró. Ẹ fa ẹnu ọ̀nà sẹ́yìn díẹ̀ kí ilẹ̀kùn má baà gbá ẹni tó ń kọjá lẹ́bàá gọ́tà. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti yàrá kékeré lè ṣí sínú. Àwọn ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn ńkọ́? Síta ni gbogbo wọn, láìsí àgádágodo lára wọn níwọ̀n ìgbà tí ènìyàn bá wà nínú. Bí wẹ́dà yín bá kọ̀, ẹ wá ẹlòmíràn.