Ẹ Bi Màmá Olùkọ́: Ṣé kí n wọ ilé tí òrìṣà gbogbo ayé wà?

ÌBÉÈRÈ: Màmá Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú. Ọmọ mi ọkùnrin tó wà ní Glasgow ti ní kí n wá lo oṣù kẹfà lọ́dọ̀ òun. Ó ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kó nǹkan ẹ̀sìn gbogbo ayé sí, pé òun á mú mi lọ wò ó. Ààfáà àdúgbò wa ní màláíkà kì í wọ ibi tí ère bá wà. Ọmọ mi ní àṣejù ni. Mi ò fẹ́ bá ọmọ jà nílé onílé, mi ò sì fẹ́ ṣẹ Ọlọ́run. Kí ni kí n ṣe? — Àlàájà R., Ìtòkú, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN: Àlàájà mi, ẹ kú ọjà o. Kí n tètè sọ ọ́: ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí. St. Peter's ní Aké ni wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún mi, Ìmọ̀ Bíbélì ni mo sì fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ. N kò lẹ́nu láti fún yín ní fátúwà. Ẹ padà sọ́dọ̀ Ààfáà, ṣùgbọ́n ẹ má kàn sọ fún wọn pé "ilé ère." Ẹ ṣàlàyé ibẹ̀ dáadáa, torí ohun tí a bá bi èèyàn náà ló máa dáhùn. Èmi ti dé ibẹ̀ nígbà tí mo lọ tọ́jú ọmọ tí ọmọ mi bí, ohun tí mo fojú rí ni màá sọ.

St Mungo Museum of Religious Life and Art ni wọ́n ń pè é. Ọdún 1993 ni wọ́n ṣí i, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàtídírà àtijọ́ ìlú náà. Wọn kì í gba owó ìwọlé. Ẹ kò ní bọ́ bàtà, ẹ kò ní kúnlẹ̀, kò sẹ́ni tó máa ní kí ẹ foríbalẹ̀ fún ohunkóhun. Ẹ kàn má fọwọ́ kan nǹkan ni.

Bí mo ṣe wọ yàrá tí wọ́n kó iṣẹ́ ọnà sí, Ṣífà, òrìṣà àwọn Híńdù, ni mo bá pàdé. Idẹ ni wọ́n fi rọ ọ́. Ọwọ́ mẹ́rin ló ní, ó ń jó láàárín òbìrìkìtì iná, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó fi èkejì tẹ aràrá kan mọ́lẹ̀. Mo bi ọmọ mi pé, "Ṣàngó ibo nìyí?" Ó ní kí n rẹ ohùn sílẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n ṣí ilé náà tí onígbàgbọ́ kan wọlé tó ti ère yìí lulẹ̀. Ará tiwa ni, ojú sì tì mí fún un. Wọ́n gbé Ṣífà dìde, wọ́n tún un ṣe, ó sì ń bá ijó rẹ̀ lọ.

Àlàájà, ẹ ti gun Olúmọ rí, àbí? Ọmọ Ẹ̀gbá wo ni kò gùn ún? Nígbà tí ẹ gbà á kọjá níwájú ojúbọ, ìyẹ́ adìyẹ wà lára ilẹ̀kùn, àwọn tó ń bọ ọ́ sì ń bẹ láàyè. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ gòkè, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ lọ kí ìrun Àsárì. Ẹ sún mọ́ òrìṣà níbẹ̀ ju bí ẹ ṣe máa sún mọ́ ọn ní Glasgow lọ. Èyí tó wà lọ́hùn-ún ti kúrò níbi tí wọ́n ti ń bọ ọ́, kò sẹ́ni tó ń fún un ní obì.

Yàrá tí mo fẹ́ kí ẹ pẹ́ sí ni èyí tí wọ́n ti ń sọ nípa ìbí, ìbàlágà, ìgbéyàwó àti ikú, tí wọ́n to bí ẹlẹ́sìn kọ̀ọ̀kan ṣe ń ṣe é sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín máa ka àkọlé fún yín, kó má kàn máa ya fọ́tò. Àwọn ará Mẹ́síkò ń ṣe ọjọ́ kan fún òkú wọn, ẹ ó rí ère egungun òkú tí wọ́n fi ń ṣe é. Egúngún tiwa a máa fi aṣọ bo gbogbo ara kó má baà hàn pé ta ni; tiwọn, egungun náà gan-an ni wọ́n gbé síta, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ọgbà kékeré kan wà níta, irú èyí tí àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ti Japan máa ń ṣe. Òkúta àti yangí wẹ́wẹ́ ni, kò sí òdòdó. Wọ́n fi irin ha yangí náà ní ilà-ilà. Ọmọ mi ń ṣàlàyé ìrònú jíjinlẹ̀ tó wà nínú rẹ̀, èmi ń wò ó pé ojú ìgbálẹ̀ nìyí, bí àgbàlá ìyá bàbá mi ṣe máa ń rí láàárọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́. Mo jókòó síbẹ̀ títí tí orúnkún mi fi rọlẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ilé báyìí ni inú wọn mọ́ sí ẹ̀sìn o. Èyí tó wà ní St. Petersburg ní Rọ́ṣíà, inú Kàtídírà Kazan tí ìjọba gbà lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ṣí i sí ní 1932, láti fi han aráyé pé ẹ̀tàn ni ẹ̀sìn. Ọdún 1991 ni ìsìn tó padà síbẹ̀, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà sì kó lọ síbòmíràn lẹ́yìn náà. Èyí tó wà ní Taiwan, tí wọ́n ṣí ní 2001, ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹlẹ́sìn Búdà ló dá a sílẹ̀ kí àwọn ẹlẹ́sìn lè mọyì ara wọn. Tí Ààfáà bá bi yín pé irú èwo ni ti Glasgow, ẹ ní ti Taiwan ló jọ.

Ẹ tún bi ọmọ yín pé báwo ni wọ́n ṣe rí àwọn nǹkan tí wọ́n kó jọ. Ní 2022 ni ìlú Glasgow gbà láti dá nǹkan 19 padà fún Nàìjíríà, lára ohun tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ní Bìní ní 1897.

Ní ti ìrun, ẹ fọkàn balẹ̀. Oòrùn oṣù kẹfà níbẹ̀ kì í wọ̀ títí aago mẹ́wàá alẹ́ fi máa ń lù, Màgàríbì ló máa fẹ́ dá yín lágara. Mọ́ṣáláṣí ńlá wọn wà ní Gorbals, ní òdìkejì odò Clyde.

Ohun tó dùn mí níbẹ̀ kì í ṣe òrìṣà ẹnìkan. Fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì ni, irú èyí tó ní gíláàsì aláràbarà, tí wọ́n gbé síbẹ̀ fún àwọn èèyàn láti máa wò. Mo rántí bí oòrùn ṣe máa ń gba ara irú rẹ̀ sọ̀ sórí àga wa láàárọ̀ Sọ́ńdè, mo wá ń rò ó pé ibo ni àwọn tó ń jókòó lábẹ́ èyí lọ. Tiyín lè jẹ́ ẹní ìkírun, Àlàájà, tí wọ́n tẹ́ síbi tí iwájú orí ẹnikẹ́ni kò ti ní kàn án mọ́. Ẹ múra ọkàn sílẹ̀ fún ìyẹn ju fún Ṣífà lọ.

Wọ́n ní pátákó kan tí àlejò máa ń lẹ èrò ọkàn rẹ̀ mọ́. Mo kọ tèmi lédè Yorùbá, pé: "Fèrèsé yìí, ẹ kú ilé. A ṣì ń kọrin ní Aké." Ọmọ mi ń fi mí rẹ́rìn-ín pé ta ló máa kà á. Wọ́n á ti yọ ọ́ kúrò báyìí. Tí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ gba bírò lọ́wọ́ ọmọ yín.