Kí ni “bequeath” túmọ̀ sí nínú ìwé ìhágún?

ÌBÉÈRÈ: Òkun o, ẹ̀yin olóòtú. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni bàbá wa fi kọ ìwé ìhágún kí wọ́n tó jáde láyé. Nígbà tí wọ́n kà á fún ẹbí, a gbọ́ “I bequeath my cashew farm to my sister.” Àbúrò mi ní kí àǹtí wa kàn máa fi oko káṣù náà jẹun ni, pé bí ọjọ́ wọn bá pé, àwa ọmọ ni yóò padà sí lọ́wọ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?
Òǹkàwé kan, Ìsánlú

ÌDÁHÙN: Òkun o, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Rárá, kò sí àwìn tàbí ìyálò nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó bá “bequeath” nǹkan ti fi í ṣe ogún fún ẹlòmíràn nínú ìwé ìhágún, bí olóhun bá sì ti kú, ó di ti ẹni tí wọ́n fi í fún. Bí bàbá yín bá fẹ́ kí oko náà padà sọ́dọ̀ yín, wọn ìbá fi “for life” (ìyẹn, títí ọjọ́ ayé ẹni tí wọ́n fi í fún nìkan) kún un, bí àwọn agbẹjọ́rò ti máa ń kọ ọ́.

Inú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ kan tó túmọ̀ sí “wí” tàbí “sọ” ni ó ti jáde. Èyí wú mi lórí púpọ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ gan-an ni àgbàlagbà ilẹ̀ Òkun kan ṣe máa ń pe ọmọ jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní, tí yóò fẹnu ara rẹ̀ sọ ẹni tí yóò mú èyí àti ẹni tí yóò mú tọ̀hún, kí ìwé tó dé.

Àṣìṣe tí mo ń bá pàdé jù ni “I bequeathed this house from my father”. Olóhun ló ń “bequeath”, ọmọ ló ń jogún, “inherit” sì ni ìyẹn. “To” ló ń tẹ̀ lé e, “bequest” sì ni orúkọ ohun tí a fi sílẹ̀. Ẹni tó fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ láṣọ lójúkojú kò “bequeath” ohunkóhun. Àwọn agbẹjọ́rò tó fẹ́ pé pérépéré a máa lo “devise” fún ilẹ̀, ṣùgbọ́n èyí kò ba ìwé bàbá yín jẹ́, torí ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó kọ ọ́ ni ilé ẹjọ́ ń wò.

Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ẹ tẹ ojú mọ́ jù ni “my”. Bí ilẹ̀ ẹbí tí a kò tíì pín ni oko náà wà, ẹnì kan ṣoṣo kò lè tinú ìwé ìhágún fi í fún ẹlòmíràn. Ẹ bi àwọn àgbà ẹbí bóyá bàbá yín ló fowó ara wọn ra ilẹ̀ náà, kí ẹ tó gbé ìwé náà lọ bá agbẹjọ́rò.