Ọyún inú ẹ̀dọ̀ ọmọdé: eéwo ló kọ́kọ́ yọ sí tèmi

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìrójú. Ẹ ní wọ́n bá ọyún nínú ẹ̀dọ̀ Táíwò, ẹ wá ń bèèrè bóyá súìtì ló fà á, àti bóyá Kẹ́hìndé lè kó o. Súìtì kọ́.

Eéwo ni tọmọ tèmi, ọmọ ọdún mẹ́fà. Ó yọ sí itan, a fọwọ́ fún un, ó jinná, a gbàgbé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ara gbóná. Wọ́n ní ibà ni. A lo oògùn ibà tán, ara tún gbóná. Wọ́n ṣe Widal, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún táífọ́ọ̀dù, wọ́n ní òun ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta la lọ, ẹnì kan ò ní kó dùbúlẹ̀ kí òun fọwọ́ ba ikùn rẹ̀! Èmi ni mo rí i pé tó bá ń rìn, ṣe ló ń tẹ̀ sí ọ̀tún, tó ń fọwọ́ di ìhà mú. Mo sọ fún dókítà, ó ní, "Màmá, ṣé ẹ̀yin náà kàwé dókítà ni?" Títí dòní ó ń dùn mí. Lóru ọjọ́ kejìlá, ọmọ ń gbọ̀n débi pé eyín ń lu eyín, aṣọ rẹ̀ tutù bí èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. A gbé e lọ síbòmíràn. Nọ́ọ̀sì kékeré kan tẹ abẹ́ ìhà ọ̀tún rẹ̀, ọmọ ké tòò. Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n ṣe síkáànù. Ọyún tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ fà jáde rí bí ògì tó ti kan.

Kòkòrò eéwo, Staphylococcus aureus, ló gba inú ẹ̀jẹ̀ débẹ̀. Apẹ́ńdíìsì tó bẹ́ lè fà á, aràn tó wọ ojú ọ̀nà òróòro náà, ìwọ́ ọmọ tuntun tó kẹ̀. Ọmọ tí kò jẹunre kánú tàbí tó ní fòníkú-fọ̀ladìde tètè ń kó o. Amíbà, kòkòrò inú omi ìdọ̀tí, ńkọ́? Òun náà lè fà á. Ẹ bi àwọn dókítà, oògùn tirẹ̀ yàtọ̀. Tí ọyún náà bá tún padà wá, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ funfun Táíwò wò, èyí tó ń bá kòkòrò jà nínú ara. A ń bí àwọn ọmọ kan tí ẹ̀jẹ̀ funfun wọn kì í lè pa kòkòrò.

Ẹ má fún eéwo o! Ẹ má sì dá oògùn dúró torí ara tutù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni tiwa.

Háà, Kẹ́hìndé. Ọyún inú ẹ̀dọ̀ kì í ràn, àmọ́ eéwo ń ràn. Ẹ ya táwẹ́lì wọn sọ́tọ̀.