Owó ẹyọ tí màmá fi ránṣẹ́ láti Abẹ́òkúta

Ìbéèrè: Ẹ kú ilé o ẹ̀yin òbí. Manchester làwa wà. Tíṣà ọmọ mi, ọmọ ọdún 9, ní kí wọ́n mú ohun ọ̀ṣọ́ tó ń fi ipò èèyàn hàn nílùú wọn wá. Màmá mi ra ẹ̀gbà ọrùn owó ẹyọ ránṣẹ́ láti ọjà Ìtòkú, àmọ́ ọ̀rẹ́ mi kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní nǹkan òrìṣà ni. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ìyá ọmọ, ẹ jẹ́ kó mú un lọ jàre. Owó ni, òun ni wọ́n fi ń ra iṣu ra epo láyé àtijọ́. Lóòótọ́ ẹ máa rí i lára oníṣàngó àti lọ́wọ́ àwọn tó ń dá ẹẹ́rìndínlógún, ìyẹn àwọn tó ń fi owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún wádìí ọ̀rọ̀, ẹ má fi yẹn pa mọ́ fún un, àmọ́ àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì náà ná an dáadáa: Ìwé Ìròyìn tí àlùfáà Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ l'Abẹ́òkúta lọ́dún 1859, 120 owó ẹyọ ni wọ́n ń ta ẹ̀dà kan, ìyẹn okùn 3, torí 40 ló ń wà lórí okùn kan.

Kó má ṣáà lọ sọ ní kíláàsì pé òun lọba wa ń kó sọ́rùn o. Iyùn lọba ń lò. Owó ẹyọ, olówó ló ń fi í yangàn, torí owó téèyàn bá ti rán mọ́ nǹkan, kò ní ná an mọ́ nìyẹn. Ẹ wo ẹ̀wù ère ìbejì tí wọ́n to owó ẹyọ sí látòkè délẹ̀, ẹ wo ilé orí àwọn ọlọ́rọ̀, ìyẹn àpótí tí wọ́n ń tọ́jú àmì orí inú wọn sí, owó ló bò ó, ẹni tí ò rówó jẹun ò lè dán irú ẹ̀ wò láéláé. Ọ̀nà jíjìn ló sì ti ń wá, kì í ṣe etí òkun Èkó, erékùṣù Maldives ni, ìgbà tí wọ́n wá ń fi ọkọ̀ kó irú kejì wá rẹpẹtẹ láti Zanzibar láyé àwọn baba ńlá wa ni iyì ẹ̀ já wálẹ̀.

Tọmọ tèmi, mo ní kó tú u sórí tábìlì, ká jọ máa fà á ní márùn-ún márùn-ún báwọn àgbà ṣe ń kà á. Ó ń fọwọ́ pa ẹ̀yìn ẹ̀ tí wọ́n lù kí okùn lè ráyè kọjá, ó ní, "Dádì, ta ló jókòó lu gbogbo èyí?" Ẹ pe màmá lórí fóònù kílẹ̀ ọjọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó mọ́, kí wọ́n bá a kà á.