Ṣé a lè mọ̀ ṣáájú pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn máa tẹ̀ lé ìtọ́jú jẹjẹrẹ?

Ìbéèrè: Màmá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọmú. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, wọ́n gba kẹmó (oògùn líle tó ń pa jẹjẹrẹ), wọ́n gba ìtànṣán n'Íbàdàn, oògùn jẹjẹrẹ tó ń jẹ́ tamoxifen ni wọ́n ń lò báyìí. Wọ́n ti padà sílé l'Ógbómọ̀ṣọ́. Báwo la ṣe lè mọ̀ bóyá ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń bọ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú màmá o. Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó lè sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n a máa ń mọ ẹni tó yẹ ká ṣọ́ jù. Ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá ìrẹ̀wẹ̀sì ti ṣe wọ́n rí kí jẹjẹrẹ tó dé, torí ẹni tó ti ṣe rí ló sábà máa ń tún ṣe. Ìrora tí oògùn ò ká, gbèsè ìtọ́jú àti àìrẹ́ni bá gbélé náà ń dá kún un. Ẹ má sì rò pé ewu tán nígbà tí ìtọ́jú tán: ìgbà yẹn gan-an ni àlejò ń dín kù, tí ẹ̀rù pé àìsàn lè padà ń pọ̀ sí i.

Ìwé ìbéèrè PHQ-9, tó ní ìbéèrè 9, la fi ń wò ó. Ọ̀sẹ̀ 2 tó kọjá ló ń béèrè. Ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rárá gba 0, ti ọjọ́ mélòó kan gba 1, èyí tó ju ìdajì àwọn ọjọ́ náà lọ gba 2, ti bí ojoojúmọ́ gba 3. Ẹ fi méjì àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀: ṣé nǹkan tí wọ́n fẹ́ràn ti sú wọn? Ṣé ọkàn wọn ti rẹ̀wẹ̀sì tàbí ìrètí ti pin? Bí àròpọ̀ méjèèjì bá tó 3, ẹ béèrè 7 tó kù. Bí gbogbo rẹ̀ bá tó 10 nínú 27, ó di ọ̀dọ̀ dókítà. Ẹ ṣe é báyìí, kẹ́ ẹ sì tún un ṣe ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ lọ sí kílíníìkì.

Ibi tó ti máa ń daṣẹ́ rú nìyí: àárẹ̀, àìróorunsùn àti àìlèjẹun wà nínú ìbéèrè náà, bẹ́ẹ̀ kẹmó náà ń fà wọ́n. Àìtó ẹ̀jẹ̀ ń fa àárẹ̀ pẹ̀lú, nítorí náà ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Àwọn ìdáhùn tó jẹ mọ́ ọkàn ni kẹ́ ẹ fojú sí jù: kí nǹkan má dùn mọ́ wọn mọ́, kí wọ́n máa dá ara wọn lẹ́bi, kí wọ́n máa pe ara wọn ní ẹrù fún ọmọ.

Ẹ má béèrè níwájú àlejò. Àgbàlagbà tí ẹ bi pé "ṣé dáadáa ni?" láàárín èrò, "a dúpẹ́" ni yóò dáhùn. Ẹ dúró dìgbà tó bá ku ẹ̀yin méjèèjì, kẹ́ ẹ bi wọ́n ní ohun tó ṣe gúnmọ́: kí ló dé tí wọn ò lọ sípàdé ẹgbẹ́ mọ́, tàbí tí wọn ò yà sọ́jà Wàásó mọ́? Ọ̀pọ̀ wọn ò ní sọ pé inú àwọn bà jẹ́. "Orí ń gbóná" tàbí "àyà ń já mi" ni ẹ máa gbọ́.

Ìbéèrè kẹsàn-án dá lórí èrò ikú tàbí pípa ara ẹni lára. Bí ìdáhùn ibẹ̀ bá ju 0 lọ, iye yòówù kí àròpọ̀ jẹ́, ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ láwọn nìkan. Lọ́jọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn LAUTECH tàbí Bowen.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ ra oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì fúnra yín ní kẹ́místì. Méjì nínú wọn, fluoxetine àti paroxetine, ń dí ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ láti sọ tamoxifen di ohun tó ń bá jẹjẹrẹ jà. Àwọn mìíràn wà tí kì í dí i tó bẹ́ẹ̀, dókítà ló máa yàn án, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kó tó ṣiṣẹ́ dáadáa. Gbogbo páálí oògùn tó wà nílé ni kẹ́ ẹ kó dání lọ bá a.